Láti Òkè Ọ̀kà dé Òkun Pupa: Ọ̀nà Jíjìn Tó Gba Àkókó Kọjá

Tọ̀sántòru ni tírélà ń ti ọ̀nà Òkéné bọ̀. Wọ́n á gba Ìṣùà, wọ́n á gba Ẹ̀pinmì, wọ́n á wá máa kérora gun òkè wọ Ọ̀kà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Àkùngbá. Àlùbọ́sà, ẹ̀wà, iṣu àti màlúù ló máa ń kún ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó bá ń gbé Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ní í fi ọ̀nà yìí ṣeré, nítorí bíréèkì tó já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá ti gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì ti gba ti ọlọ́jà tó jókòó ti igbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ká ọ̀dà kúrò nílẹ̀, tí a sì lé gbogbo tírélà lọ, ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ti ń tọ̀ ọ́ kí òyìnbó tó dé. Ọ̀nà tó gba Àkókó kọjá ló so Ìbíní mọ́ ilẹ̀ Tápà. Ilẹ̀ Tápà ló so ó mọ́ Kánò. Láti Kánò, èèyàn lè forí lé aṣálẹ̀, bí Ọlọ́run bá sì mú un la aṣálẹ̀ já, Káírò àti Mẹ́kà ń bẹ níwájú.

Mo ń sọ èyí nítorí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìnàjò akọni ní Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, orúkọ àlejò la máa ń dá. A ó dá Ibn Battuta, ẹni tó kúrò ní Tangier lọ́dún 1325 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, tó dé ilẹ̀ Mali ní 1352, tó sì rí ìlú Taghaza níbi tí wọ́n ti fi òkúta iyọ̀ mọ ògiri ilé, tí wọ́n fi awọ ràkúnmí ṣe òrùlé. A ó dá Heinrich Barth, ará Jámánì, tó wọ Kánò ní 1851, tó wọ Timbuktu ní 1853. A ó dá Clapperton, òyìnbó tó ti Badagry wọ ilẹ̀ Yorùbá, tó sì kú sí Sókótó ní 1827. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba Àkókó. Ìwé wọn kò mọ ìlú Àkókó bí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe gbà pé ohun ńlá kan kò tọ ọ̀dọ̀ wa kọjá rí, pé orí òkè la jókòó sí tí ayé ń lọ nísàlẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibí yìí rìn, wọ́n rìn jìnnà, àwọn mìíràn rìn nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn rìn nítorí Ọlọ́run. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀, àwa tó mọ̀wé kọ kò sì bi wọ́n.

Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ yìí wà. Gúúsù rẹ̀ ni Ọ̀wọ̀ àti Ìbíní. Àríwá rẹ̀ ni Kàbbà, odò Ọya àti Bídá. Èkìtì wà ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn Ìgbìrà àti Àfẹ́máì wà ní ìlà oòrùn. Àwọn oníṣòwò Ìbíní ní ẹgbẹ́ tí ọ̀nà òwò tó wọ Àkókó wà níkàáwọ́ wọn. Iyọ̀ àti ẹrù òyìnbó tó ti etí òkun wá ni wọ́n ń gbé bọ̀. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta, awọ àti káún ni wọ́n ń rù padà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí káún yìí. Kò sí káún nínú igbó wa. Láti ìhà adágún Chad àti etí aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀, láti ọwọ́ oníṣòwò kan dé ọwọ́ èkejì, títí tí ìyálé kan lórí òkè Ọ̀kà á fi bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìkòkò ẹ̀wà. Obìnrin náà lè má sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè yẹn rí títí tó fi kú, síbẹ̀ etí aṣálẹ̀ ti dé ìdí ààrò rẹ̀.

Ìlú ńlá àtijọ́ kò sì jìnnà sí wa. Ní Ọ̀wọ̀, tí mọ́tò kì í pẹ́ dé láti Ìkàrẹ́, ọ̀mọ̀wé Ekpo Eyo gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Ọlájà láàárín 1969 sí 1971, ó sì bá ère amọ̀ níbẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 500 ọdún. Ojú àwọn kan jọ ti Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mìíràn jọ ti Ìbíní. Ìlú tó ń bá ayé ṣe pọ̀ ló máa ń ní irú ère bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún lọ sí Ìṣàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ihò àpáta Ìwó Elérú wà níbẹ̀, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti rí egungun èèyàn ní 1965, egungun tó ti wà nílẹ̀ fún ohun tó ju 10,000 ọdún lọ. Èèyàn ti ń rìn lórí ilẹ̀ yìí kí Káírò tó di ìlú.

Nínú Àkókó fúnra rẹ̀, etí ló máa kọ́kọ́ sọ fún àlejò pé oríta ni ibí. Láàárín ìlú tí kò jìnnà síra wọn, a ó gbọ́ Arigidi, a ó gbọ́ Ukaan, a ó gbọ́ Akpes àti Ahan, a ó sì tún gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀ka Yorùbá tó jẹ́ pé ará Ọ̀yọ́ á fetí sílẹ̀ dáadáa kó tó gbọ́ ọ. Ìtàn Ìkàrẹ́ sọ pé Agbaode, baba ńlá àwọn Olúkàrẹ́, ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Àwọn ìlú mìíràn ka ọ̀nà tiwọn sí Ìbíní, àwọn mìíràn sí Kàbbà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa bá ara wa jà lórí ọ̀nà tí oníkálukú gbà.

Mẹ́kà pàápàá wà nínú ìtàn wa kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàálù. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé Odùduwà jẹ́ ọmọ Lámurúdu, ọba Mẹ́kà, tó sá kúrò níbẹ̀ nítorí ìjà ẹ̀sìn. Kí Johnson tó kọ tirẹ̀, Muhammad Bello ti Sókótó náà ti kọ ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ ẹ. Èmi kò rí ẹ̀rí kan tó lè mú kí n gba ìtàn yìí gbọ́, èdè wa kò sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́ nù, mo fẹ́ kí a wo ìdí tó fi tà lọ́jà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti gbọ́ Mẹ́kà lẹ́nu oníṣòwò àti ààfáà tó ń bá wọn ná ọjà. Ẹnikẹ́ni kì í fi ìlú tí kò gbọ́ rí ṣe orírun baba rẹ̀.

Ìrìnàjò ńlá àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ará Àkókó rìn kúrò nílé, kì í ṣe ìrìnàjò ìfẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídá ń bọ̀ léraléra. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, èèyàn sì wà lára ìṣákọ́lẹ̀ náà. Láti ìhà kejì, àwọn ológun Yorùbá bí Ògèdèǹgbé Iléṣà náà kò jẹ́ kí Àkókó sinmi. Ìdí nìyí tí ìlú àtijọ́ fi wà lórí òkè. Ẹṣin kò lè sáré gun àpáta Ọ̀kà, ẹni tó bá sì wà lókè ti rí eruku kí ogun tó dé. Ẹni tó bá gun òkè yẹn lónìí tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, kó rántí pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ gbé àwọn onílé débẹ̀.

Àwọn tí ogun kó, Kàbbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà odò Ọya, lẹ́yìn náà Bídá. Bídá jẹ́ ìlú tó lẹ́wà: ògiri amọ̀ tó yí i ká, àwọn Masaga tó ń yọ́ gíláàsì di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà, ilé kéwú ní àdúgbò àdúgbò. Mo máa ń ro bí ìlú náà ṣe rí lójú ọmọ Àkókó tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn wọ ẹnu ibodè. Àwọn kan kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tà wọ́n síwájú, sí Kánò tàbí ibi tó tún jìn jù ú lọ. Àwọn kan dàgbà sí Bídá, wọ́n kọ́ Tápà, wọ́n kọ́ kéwú, wọ́n di Mùsùlùmí.

Ní oṣù kìíní 1897, ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company gba Kàbbà, wọ́n bá ibùdó Tápà tó ti tú, wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídá fúnra rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn tó ṣì rántí ọ̀nà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mo ka ìpadàbọ̀ yìí sí ọ̀kan nínú ohun tó tóbi jù lọ tó ṣẹlẹ̀ ní Àkókó, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ́ ọmọ wa nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Àwọn èèyàn tí ìdílé ti sunkún tán lé lórí ló ń wọlé, tí wọ́n wọ agbádá Tápà, tí wọ́n ń kírun. Ọwọ́ irú wọn, àti ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti ààfáà tó ń ti àríwá bọ̀, ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà fìdí múlẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, tó fi jẹ́ pé lónìí, a ń rí ọmọ ìyá kan náà tí ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì jọ ń jẹun ọdún. Ẹ̀sìn náà ló wá dá ìrìnàjò kejì sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi okùn fà wọ́n lọ: Háájì.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà yẹn bí ó ṣe rí kí bàálù tó gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ojú irin ti dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ti dé Kánò nígbà tó fi máa di 1912. Ará Ìkàrẹ́ tó bá fẹ́ lọ Mẹ́kà lè forí lé Òṣogbo láti wọ ọkọ̀ ojú irin, tàbí kó gba Kàbbà àti Lọ́kọ́ja gòkè. Bó bá dé Kánò, ó ti dé ìlú ńlá àtijọ́: odi ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ọjà Kurmi tí Ọba Muhammad Rumfa dá sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, kòtò aró Kofar Mata. Níbẹ̀ ni yóò ti bá àwọn arìnrìnàjò ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, àwọn ará Ìlọrin, ará Ìbàdàn, Haúsá, Fúlàní, ará Mali.

Láti Kánò, Maiduguri ló kàn, ojú irin kò sì dé Maiduguri títí di 1964. Ẹsẹ̀ ni, tàbí ẹ̀yìn lọ́rì. Lẹ́yìn Maiduguri, wọ́n á kọjá sí ilẹ̀ Chad, wọ́n á gba Fort-Lamy tí a ń pè ní N'Djamena báyìí, wọ́n á gba Abéché, wọ́n á wọ Sùdáánì ní El Geneina, lẹ́yìn náà El Fasher, olú ìlú àwọn ọba Darfur tí Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ́gun títí di 1916, lẹ́yìn náà El Obeid, Khartoum, kí wọ́n tó forí lé etí Òkun Pupa.

Owó tí èèyàn mú kúrò nílé kì í gbé e dé ibẹ̀. Bí ó bá tán, yóò dúró, yóò ro oko olóko, yóò hun ẹní, yóò ta omi, yóò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú, yóò tún gbéra. Ìrìn tí a lè fi oṣù díẹ̀ rìn di ti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìyàwó bímọ sọ́nà. Àwọn kan kò dé Mẹ́kà, wọn kò sì padà sílé. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì parí ìdídò Sennar ní 1925, tí oko òwú Gezira sì ń wá lébìrà, àwọn arìnrìnàjò láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó ṣa òwú yẹn. Ìlú Maiurno létí odò Náílì Búlúù, àwọn tó sá tẹ̀lé Súlítánì Attahiru kúrò ní Sókótó ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn tí wọ́n pa Súlítánì náà ní Burmi lọ́dún 1903. Orúkọ ọmọ rẹ̀, Mai Wurno, ni wọ́n fi sọ ìlú náà. Àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó kúrò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ṣì ń gbé Sùdáánì.

Suakin ni èbúté tí wọ́n ń wá, ìlú tí wọ́n fi òkúta iyùn inú òkun kọ́, tí ilé rẹ̀ funfun tó sì ga. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Port Sudan, òwò kúrò ní Suakin, àwọn ilé rere wọ̀nyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Láti Suakin sí Jídà lé ní 300 kìlómítà lórí omi. Ẹ ro ó wò: ọmọ orí òkè tí kò rí omi tó ju odò àgbàrá lọ, nínú ọkọ̀ ojú omi tó kún fọ́fọ́, lórí òkun tí kò rí etí rẹ̀. Jídà náà jẹ́ ìlú òkúta iyùn, tó ní fèrèsé onígi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára; àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2014. Ó ku nǹkan bí 80 kìlómítà sí Mẹ́kà, àti ohun tó lé ní 400 láti Mẹ́kà sí Mẹ̀dínà. Ewu kò tíì tán níbẹ̀. Wọ́n ń ta èèyàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá títí di 1962 tí ìjọba Saudi fòfin de òwò ẹrú, àwọn arìnrìnàjò aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tí wọ́n tàn jẹ tí wọ́n tà. Ẹni tí baba rẹ̀ ti ṣẹrú ní Bídá, tó tún fi ara rẹ̀ sínú irú ewu bẹ́ẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, kí ni a fẹ́ fi ìgboyà Ibn Battuta ṣe lójú rẹ̀? Ọba ló ń gba Ibn Battuta lálejò káàkiri. Mansa Musa tó lọ Mẹ́kà ní 1324 kó wúrà débi pé iye wúrà já wálẹ̀ ní Káírò. Tálákà tó ń ro oko olóko kó tó lè rìn síwájú, òun ni mo kà sí arìnrìnàjò jù lọ.

Bàálù ló parí gbogbo rẹ̀. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tó jẹ́ onígbàgbọ́, dá ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àwọn arìnrìnàjò Mẹ́kà sílẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀ ní 1975. Ìrìn ọdún púpọ̀ di ti wákàtí 5 tàbí 6. Èyí náà ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀: èèyàn 176 ló kú ní Kánò ní oṣù kìíní 1973 nígbà tí bàálù tó ń kó wọn ti Jídà bọ̀ já, èèyàn 261 ló sì kú ní Jídà ní oṣù keje 1991 nígbà tí wọ́n ń padà sí Sókótó. Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé kí Àlàájà ẹni 70 ọdún tún máa fẹsẹ̀ rìn la Darfur já?

Ọ̀nà ilẹ̀ yẹn gan-an kò ṣeé gbà mọ́. Láti oṣù kẹrin 2023 ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Sùdáánì. Wọ́n ti pa èèyàn nípakúpa ní El Geneina. Wọ́n sàga ti El Fasher pẹ́ títí kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ní oṣù kẹwàá 2025, ohun tí ojú àwọn ará ìlú rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bí a bá ń gbọ́ orúkọ ìlú wọ̀nyí lórí rédíò, wọn kì í ṣe ìlú àjèjì. Àwọn ará ibẹ̀ ló fún àwọn èèyàn wa ní omi.

Àwọn ará Timbuktu ti fi ohun kan hàn wá. Ní 2012, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí gba ìlú náà tí wọ́n ń wó ibojì àwọn ẹni mímọ́, àwọn ìdílé àti olùtọ́jú ìwé kó ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ sínú àpótí, wọ́n fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé Bamako. Ìdí tí àwọn ìwé náà kò fi ṣègbé ni pé ìdílé lásán ka ìwé baba wọn sí ohun tó tó kú fún. Àwa náà ní ilé kéwú tó ti pẹ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ilé kéwú kì í sì í wà láìní ìwé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ti dá ibùdó àkọsílẹ̀ èdè Lárúbáwá sílẹ̀ láti 1964, láti máa ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí olówó rẹ̀ lè gbé tirẹ̀ padà. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá sì wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà gan-an. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyí, kí wọ́n má dúró de ẹni tí yóò ti ìlú òyìnbó wá ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ Àkókó tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó gba ohùn sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ti lé ní 80 ọdún ní àdúgbò yín, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ẹ bi wọ́n ta ni baba wọn sọ pé ogun Tápà kó lọ, ta ló padà, kí ló gbé bọ̀. Ẹ bi wọ́n ta ló kọ́kọ́ lọ Mẹ́kà nínú ẹbí, ọ̀nà wo ló gbà, ìlú wo ló sùn, ta ló sin sọ́nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè ìlú wọn, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ibi tí kì í ṣe inú fóònù yín. Bí ìwé kéwú àtijọ́ bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ tán. Ọdún yìí ni kí ẹ ṣe é, torí àwọn tó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́.